Dókítà Tí Kò Fẹ́ La Ikùn

Kí Hamidah tó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni bàbá rẹ̀, Jùbrílù, ti sọ káàkiri Èsìẹ́ pé dókítà tó ń la ikùn ni ọmọ òun máa jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ti Ìlọrin dé, tó sì sọ pé òun ń rò ó láti ṣe rẹ́sídẹ́ǹsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń sọ dókítà di ọ̀gá nínú ẹ̀ka kan, lórí ìṣègùn àwùjọ, bàbá dá òkèlè iyán ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Ìṣègùn àwùjọ. Ta ni wọ́n ń wò níbẹ̀?"

"Gbogbo ìlú ni, Bàbá. Ibi tí àìsàn máa gbà wọlé la ti ń lọ dènà dè é."

"Ta ló wáá máa dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Bíṣẹ́ náà bá dáa, kò sẹ́ni tó máa dùbúlẹ̀."

Bàbá yíjú sí Fulera, ìyàwó rẹ̀. "Ṣó o gbọ́? Ọmọ rẹ fẹ́ ṣe dókítà tí ò ní aláìsàn."

Fulera ní kó jẹun, iyán ń tutù.

Ká sòótọ́, ọkàn Hamidah fúnra rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá la ikùn rẹ̀ tó sì yè á gbé iṣu wá dúpẹ́. Ta ni yóò gbé iṣu wá nítorí ìgbẹ́ gbuuru tí kò ṣe é?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Fẹ́yìsayọ̀ pè é lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, òun sì ni nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn. Ó ní àwọn ọmọdé ti kún orí bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ló ń yàgbẹ́ gbuuru, kó jọ̀ọ́ wá ran òun lọ́wọ́. Hamidah lọ. Wọ́n jọ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ ń bi àwọn ìyá ohun tí ọmọ wọn jẹ. Ibi tí wọ́n ti ń pọnmi ni Hamidah ń bi wọ́n ní tirẹ̀. Kànga kan náà ni gbogbo wọn ń dárúkọ, èyí tó wà lábẹ́ igi ìyeyè.

Nígbà tí ara àwọn ọmọ rọlẹ̀, àwọn méjèèjì gba ibẹ̀ lọ. Ẹnu kànga ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àgbàrá òjò ti ya ọ̀nà wọ inú rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ sì dúró sí etí rẹ̀ bí onílé. Ìyá àgbà kan, Ọ̀ṣuntọ́lá, jókòó sí ìtòsí, ó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ọmọrí kànga yìí dà?"

Ìyá wo Hamidah dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ilé yín ni kó o ti lọ wá a. Àgbò bàbá rẹ ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ó ní kóun fi bo ilé àgbò títí òjò á fi dá."

Fẹ́yìsayọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá wà ní ìta ilé nígbà tí Hamidah dé. "Bàbá, mo ti rí ibi tí àìsàn yẹn gbà wọlé."

"Níbo?"

"Nínú ọgbà wa."

Bàbá wo páànù tó bo ilé àgbò, ó wo àgbò, àgbò náà wò ó. Kò jiyàn. Ó ká páànù náà kúrò, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó sì gba àárín àdúgbò kọjá. Aládùúgbò kan, Abdulfatah, bi í pé kí ló rù.

"Oògùn ni," ni bàbá wí, kò dúró.

Wọ́n gbọ́n omi kànga náà dànù, wọ́n da apakòkòrò sí i, wọ́n sì fi ọmọrí bò ó. Kò pẹ́ tí Fẹ́yìsayọ̀ tún fi pè: adìyẹ kan ṣoṣo ló kù lórí bẹ́ǹṣì, oorun ló sì ń sùn. Inú Hamidah dùn dé ibi tí ẹnu yà á. Ọjọ́ náà ló pinnu.

Nígbà tí ó ń padà sí Ìlọrin, bàbá sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Kò bú u, kò sì yìn ín. Ó kàn sún mọ́ fèrèsé.

"Tí wọ́n bá bi ọ́ níbẹ̀ pé kí ló mú ọ yan iṣẹ́ yìí, ńkọ́?"

"Màá sọ ti kànga, Bàbá."

"Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má dárúkọ ẹni tó ni àgbò."

Hamidah rẹ́rìn-ín, kò ṣèlérí, ọkọ̀ sì gbéra.