Dúdú Kò Rìnrìn Àjò

Nígbà tí bàbá Dúdú pè é lórí fóònù pé kó wá po ọtí fún àwọn àlejò nílé, Dúdú kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ń dún. Bàbá kan náà yìí ló ti sọ lójú gbogbo ẹbí pé ọmọ tí òun bí kò ní ta ọtí jẹun. Láti ìgbà tí Dúdú ti ń po ọtí ní hòtẹ́ẹ̀lì, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bàbá á ní, "Ó wà níbi ìṣírò owó."

Ká má parọ́ mọ́ bàbá, ó nídìí tó fi kórìíra ọtí. Ọtí ló pa bàbá tó bí òun náà. Láti kékeré ló ti ń lọ gbé bàbá rẹ̀ nílẹ̀ nílé ọtí, tí àwọn ọmọ àdúgbò á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tí wọn á máa fi wọ́n kọrin. Ó dàgbà, ó di ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì fẹ̀yìntì láìfi ọtí kan ẹnu rí. Dúdú mọ ìtàn yìí dáadáa, kò sì bá a jà nítorí rẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ohun tí bàbá ń sá fún látọjọ́ yìí náà ló wá ń wá kiri báyìí, nítorí àwọn òbí ọmọbìnrin tí àbúrò Dúdú fẹ́ fi ṣaya ń bọ̀ wá kí wọn, wọ́n sì ti gbọ́ pé tọkọtaya náà fẹ́ràn ọtí àpòpọ̀.

"A ò lè máa gbé mínírà fún wọn bí ọmọ ilé-ìwé," ni bàbá wí. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wá ṣe é."

"Bàámi, ẹ̀yin lẹ ní kí n má mú iṣẹ́ yẹn wọlé yín."

"Nítorí àbúrò rẹ ni." Ó pa fóònù.

Ibi tó ti mú un nìyẹn. Ẹ̀yìn Dúdú ni àbúrò yìí gbé dàgbà, torí ìyá wọn kì í sábà sí nílé nígbà náà. Bí ọmọkùnrin náà bá ní ẹ̀fọ́rí, Dúdú ni kì í rí oorun sùn. Ó gbà láti wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbẹ̀wò náà, òun àti àbúrò rẹ̀ pàdé ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọtí. Kí Dúdú tó mú apẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin náà ti gbé ìgò jíìnì kan tó rí bí ìgò lọ́fínńdà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ìgò yìí ná. Ó rẹwà."

"Ìgò la fẹ́ mu ni? Dá a padà."

Dúdú kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan ọtí. Ó ní wisikí olówó gọbọi, ẹni tó bá fẹ́ mu ún láìda nǹkan kan mọ́ ọn ló yẹ. Tí a bá máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí a tún máa da omi ṣúgà lé e, èyí tó wà láàárín náà ti tó. Rọ́ọ̀mù funfun bẹ́ẹ̀ náà. Ó ní ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣahun sí ni tóníìkì, omi kíkorò tó ń hó yẹn, torí nínú ife jíìnì àti tóníìkì, tóníìkì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ti burú, jíìnì tó já bọ́ látọ̀run gan-an ò lè gbà á sílẹ̀. Ìgò tóníìkì kéékèèké ló mú, kì í ṣe ńlá, torí ńlá á ti wà ní ṣíṣí tipẹ́ kí wọ́n tó mu ún dé ìdajì, kò sì ní ta lẹ́nu mọ́. Ó mú omi sódà. Ó mú ìgò kékeré wáìnì elégbòogi kan tí wọ́n ń pè ní fẹ́múùtì, ó sì kìlọ̀ pé bí a bá ti ṣí i, inú fíríìjì ló ń gbé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kan bí ọbẹ̀ tí wọn ò gbé kaná. Ó mú bítà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń kán sínú wisikí ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ tún nawọ́ sí omi ọsàn inú ike, Dúdú gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Bí o bá fẹ́ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ra ìyẹn. Wá bí wọ́n ṣe ń yan ọsàn." Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọsàn wẹ́wẹ́ kan. "Èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ń rọ̀ sábẹ́ ìka, òun ló lómi nínú. Àti yìnyín, mi ò fẹ́ èyí tó bá ẹja sùn nínú fírísà. Omi mímọ́ ni kó o fi ṣe é lálẹ́ òní, kó o sì bò ó."

Ọmọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá a lóhùn "ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n", ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń to ìgò sínú páálí, ilẹ̀ ló ń wò. Ó yanu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Dúdú rò pé ẹ̀rù àwọn àna ló ń bà á.

Lọ́jọ́ kejì, Dúdú wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tó gún régé, torí àkọ́bí tó ń lọ pàdé àna kì í múra bí ẹni ń lọ pọnmi. Ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́: agolo tí wọ́n fi ń mi ọtí, ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn, àti ọ̀bẹ mímú. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni bàbá ti pàdé rẹ̀, ó na ṣẹ́ẹ̀tì dúdú kan àti épírọ́ọ̀nù sí i.

"Wọ eléyìí."

"Kí ni ìyẹn, Bàámi?"

"Mo ti sọ fún wọn pé a háyà ẹnì kan. Wọ́n mọ̀ pé àkọ́bí mi wà níbi ìṣírò owó. Mo ní ó rìnrìn àjò. Jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ lónìí nìkan."

Dúdú wo inú ilé lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wà nídìí omi ní kíṣìnnì, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"O mọ̀ sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Lónìí nìkan ni."

"O mọ̀ lánàá. Nígbà tí mò ń kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yan ọsàn, o ti mọ̀."

Ìgbà náà ni Dúdú wá rí ìdí tí òun ò fi tíì fojú kan ọmọbìnrin náà rí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Gbogbo ìgbà tó bá ní kí àbúrò òun mú un wá, àwáwí ni. Ìyá wọn jókòó sórí àpótí, ó ń gé èso sínú àwo. Kò gbójú sókè.

Ìbínú kọ lu Dúdú láyà bí ooru tó jáde láti inú ààrò. Ó ṣe é bíi kó gbé páálí ìgò náà kó fi lu ògiri. Ṣùgbọ́n ó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Bó bá lọ báyìí, wọn á ní òun ló ba ọjọ́ jẹ́, wọn á sì máa sọ ọ́ títí ayé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lé aṣọ rẹ̀. Kò bá a mu. Bọ́tìnnì àyà rẹ̀ ò pàdé. Bàbá tó ra aṣọ fún ọmọ rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ bí ọmọ náà ṣe tóbi tó.

Àwọn àlejò dé. Ayàwòrán ilé ni bàbá ọmọbìnrin náà, ọkùnrin gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí ni ìyá, ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Igun pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ tábìlì Dúdú sí. Agbẹ̀bí béèrè jíìnì àti tóníìkì. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ wisikí pẹ̀lú fẹ́múùtì àti bítà. Dúdú ò mi ti ọkọ, torí wisikí tí a bá mì á dàrú lójú. Ó fi ṣíbí rò ó pẹ̀lú yìnyín ní sùúrù, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e fún un. Ayàwòrán ilé tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò.

"Èyí dára o. Ta ló kọ́ ẹ, ọmọ mi?"

Bàbá gbà á lẹ́nu Dúdú. "Iṣẹ́ wọn nìyẹn, sà. Ìwọ, fi yìnyín kún ti màmá."

Ìwọ. Dúdú bu yìnyín.

Ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀, títí agbẹ̀bí fi ní, "Ó wù wá ká rí àkọ́bí yín lónìí. A ń gbọ́ nípa rẹ̀."

Ni bàbá bá gbára sókè lórí àga. "Ẹ̀yin àna mi, bí ọmọ ẹni bá dára, ká wí. Ọmọ yẹn ló rán àbúrò rẹ̀ yìí lọ sí yunifásítì. Nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ fẹ́ fọ́, òun ló sanwó iṣẹ́ abẹ. Mo máa ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ni mo ṣe tí ó fi fún mi ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀." Ojú rẹ̀ ń dán. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ níbẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni Dúdú ń fún lọ́wọ́. Ó fún un títí èèpo rẹ̀ fi ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Látọjọ́ tó ti dáyé, bàbá ò sọ ẹyọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sí i létí rí. Ó wá jókòó síbẹ̀ báyìí, ó ń rọ̀jò ìyìn sórí ẹni tí kò sí, ẹni tó wà sì ń bu yìnyín fún un.

Ó gbé gíláàsì kalẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí," ó wí fún agbẹ̀bí. Ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi ni ọmọ yẹn. Mi ò rìnrìn àjò. Mi ò ṣe ìṣírò owó rí láyé mi. Ọtí ni mò ń pò, owó ọtí ni mo sì fi san ti ojú yẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ẹ má dá a lóhùn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọtí, wọ́n máa ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó gbé e wá. Mi ò mọ̀ ọ́n rí kí ó tó dé lónìí."

Inú Dúdú ti ń ru látàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kó tutù lójijì, ó tutù débi tí ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ọ̀bẹ wà lórí tábìlì. Ó rọra fi í sínú báàgì, ó sì fa báàgì pa.

"Bàbá Dúdú," ni ìyá rẹ̀ pè láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ó gbé àwo èso dání. "Àwọn àgbà ní bí ìdí ọmọ ẹni kò tilẹ̀ tó ìdí, a kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tiẹ̀ lọ fi tiyín sí ìdí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò bí." Ó kọjú sí àwọn àlejò. "Dúdú nìyí. Èmi ni mo bí i. Ojú tó là fún mi ni mo fi ń wò yín báyìí."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tu Dúdú lára. Kò tù ú. Èrò tó wọ ọkàn rẹ̀ ni pé, kí ló dé tí ẹ fi gé èso tó bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀?

Agbẹ̀bí gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe iṣẹ́ ọtí ló ń dùn wá," ó wí. "Ẹni tó lè sẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ lójú àlejò, kí ló máa ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ tó bá wọlé rẹ̀?" Ó yíjú sí àbúrò Dúdú. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n?"

Ọmọkùnrin náà ò lè gbójú sókè. Bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ já jù sílẹ̀.

Dúdú bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú náà, ó ká a, ó fi í sórí apá àga bàbá rẹ̀. Ó kó agolo àti ṣíbí lọ sí kíṣìnnì, ó fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ, ó kí àwọn àlejò pé ó dàbọ̀. Àbúrò rẹ̀ sáré bá a lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ba nǹkan jẹ́ fún mi."

"Èmi?" Dúdú wò ó látòkè délẹ̀. "Mo pọ̀n ọ́ títí ẹ̀yìn mi fi bó. Tí wọ́n bá ní kó o sọ pé mo ti kú, wàá sọ ọ́, kó o ṣáà ti rí ìyàwó fẹ́. Má pè mí. Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ, èmi ni màá pè ẹ́."

Dúdú kò pè é. Wọ́n sún ìgbéyàwó náà síwájú. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ wá bá Dúdú ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó jókòó ti káńtà, ó ní kó sọ òótọ́ fún òun. Dúdú sọ ọ́, kò fi bọ́tà ra á, kò sì fi iyọ̀ sí i. Ọmọbìnrin náà bínú, ó lọ, ó rò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ó sì padà fẹ́ ọmọkùnrin náà lẹ́yìn tó ti jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ dáadáa. Dúdú lọ síbi ìgbéyàwó. Ó jókòó sí àga ẹ̀gbọ́n ọkọ. Òun àti bàbá rẹ̀ kíra bí ará àdúgbò tó pàdé nídìí ẹ̀rọ omi.

Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ ìsinmi Dúdú kan, ó ń fọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó ń gbé nígbà tó rí bàbá tó ń bọ̀ lóun nìkan. Dúdú kí i, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Bàbá dúró lórí ìdúró. Aṣọ ìbùsùn ńlá kan kù tí kò tíì fún. Dúdú fà á jáde nínú omi, ó wúwo jù fún ẹnì kan. Bàbá ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó di etí kejì mú, wọ́n jọ ń lọ́ ọ.

"Iṣẹ́ yẹn," ni bàbá wí nígbà tó yá, "ṣé ìdúró ni ẹ máa ń wà látàárọ̀?"

"Ìdúró ni."

"Ẹsẹ̀ ò ní ṣàì máa dùn ẹ́."

"Ó máa ń dùn mí."

Omi ń kán sílẹ̀ láàárín wọn.

"Bàámi," ni Dúdú wí, "inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. Kò jọ̀wọ́ etí aṣọ náà.

Wọ́n jọ sá a sórí okùn.