Bọ́tìnnì Tí Gbọ́lá Ń Tẹ̀ Lójoojúmọ́

"Tẹ̀ ẹ́," ni Àrìnpé wí. "Tẹ̀ ẹ́ jàre, kí wọ́n mọ̀ pé a ti ń bọ̀."

Ká má wulẹ̀ di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn: ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, ẹnu tí eyín ti ku mẹ́sàn-án péré nínú rẹ̀. Wọn ò tíì wọ Ọjà-Ọ̀dàn nígbà náà. Gbọ́lá ọmọ rẹ̀ ti ń rọra wa ọkọ̀ bọ̀ láti Ìlaròó bí ẹni tó gbé ẹyin sórí, nítorí pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń lọ bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Afeezat, ti kó ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá. Gbọ́lá kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà rárá lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ ló rán an létí. Àrìnpé rò ó lọ́kàn pé bí àwọn àna bá gbọ́ igbe ọkọ̀, wọn á rántí pé ọmọ àwọn kò sí lọ́wọ́ òtòṣì. Ọgbọ́n àgbà nìyẹn. Ọgbọ́n ìyá arúgbó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí kò mọ̀ ju ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lọ.

Gbọ́lá tẹ̀ ẹ́.

Bọ́tìnnì kékeré kan ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, wọ́n kọ Sípọ́ọ̀tì sí i lára. Ọkọ̀ eré ni ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn méjì péré, ó pupa bí ata rodo, ìdí rẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀ bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Bí wọn kò bá tẹ bọ́tìnnì yìí, jẹ́jẹ́ ló ń lọ bí ọkọ̀ àwọn tíṣà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, sàlẹ́ńsà á lanu, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ṣọ́ọ̀kì á le gbagidi. Tọ́rótù náà á di oníwàǹwára: ìwọ ṣáà fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kàn án, ọkọ̀ á ti fò síwájú kí o tó mí.

"Yéè, ẹ gbà mí o!" ni Oyèkúnlé ké láti ẹ̀yìn. Àbúrò olóògbé ọkọ Àrìnpé ni, òun ni àgbà ìdílé tí wọ́n mú dání láti bá wọn bẹ àna. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà kò gbà ju ọmọdé lọ, wọ́n sì ká odidi bàbá síbẹ̀ bí ẹní, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ihò imú rẹ̀. "Gbọ́lá! Kòtò nìyẹn! Ìyàwó wa, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ yín, ìdí mi kì í ṣe irin!"

"Ẹ gbé ìdí náà sókè díẹ̀, ọkọ mi," ni Àrìnpé dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín tí ikùn rẹ̀ ń jó. "Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń wò wá ni?"

Lóòótọ́ ni wọ́n ń wò wọ́n. Àwọn ọlọ́kadà oríta yí ọrùn. Obìnrin kan tó sá láfún sẹ́bàá ọ̀nà sáré fi aṣọ bo láfún rẹ̀ nítorí eruku. Àrìnpé gbọ́wọ́ sókè kí i. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí i.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu Àrìnpé. Ogójì ọdún ló ti ń fi ẹ́ńjìnnì rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará àdúgbò, ó sì mọ igbe rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ. Láràárọ̀, kí ó tó da ẹ̀gẹ́ sí i, á kọ́kọ́ ṣí tọ́rótù rẹ̀ gbàgà, ẹ́ńjìnnì á ké títí èéfín dúdú inú rẹ̀ á fi jáde tán. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ké, èéfín á dí i lọ́fun, á kú ní ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀ jù lọ. Gbọ́lá ń kó ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe sítáàṣì. Lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ pupa náà wálé tó sì fi bọ́tìnnì rẹ̀ han ìyá rẹ̀, ìyá tẹ́tí sí igbe ọkọ̀, ó mi orí bí dókítà.

"Ojoojúmọ́ ni kí o máa tẹ nǹkan yìí," ló wí. "Òun ló ń fọ ọ̀fun rẹ̀. Bí o bá ń wà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èéfín á pa á."

Alfred, mẹ́káníìkì wọn, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní títì tó tẹ́jú, tó gùn, tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀, ni wọ́n ṣe bọ́tìnnì náà fún. Àrìnpé ní kí Alfred lọ jókòó, pé nígbà tí òun ti ń yí ẹ́ńjìnnì, ìyá Alfred kò tíì máa ró ìró. Gbọ́lá rẹ́rìn-ín. Ohun tó wù ú gbọ́ ni ìyá rẹ̀ sọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni yòówù tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, Gbọ́lá á ní, "Màmá ló ní kí n máa tẹ̀ ẹ́." Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sóko, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ ra búrẹ́dì ní ilé kẹta sí tiwọn. Ó ń tẹ̀ ẹ́ gbé Rodiat, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, lọ sí iléèwé.

Ẹnu géètì iléèwé náà ló ti ṣẹlẹ̀. Gbọ́lá kò sáré. Ó kàn fẹ́ sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀ ni, ó fẹsẹ̀ kan tọ́rótù, ọkọ̀ sì fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó lọ forí sọ ògiri gọ́tà. Eegun èjìká Rodiat dá. Ní ọsibítù, Gbọ́lá dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ níṣojú nọ́ọ̀sì, ó ní òun ò tún ní tẹ bọ́tìnnì náà láé bí ọmọ bá wà nínú ọkọ̀. Ọjọ́ kẹfà, ó gbé Rodiat lọ kí wọ́n lè yẹ apá rẹ̀ wò. Wọn ò tíì padà yọ sí àdúgbò tí Afeezat, tó ń fọṣọ nílé, ti ń gbọ́ igbe ọkọ̀ náà lọ́ọ̀ọ́kán. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó nu ọwọ́, ó di ẹrù.

Lọ́jọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí, ọkọ̀ bú wọ agbo ilé Alájì Bàrúwà, bàbá Afeezat. Ewúrẹ́ méjì tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ènìyàn kankan kò yọjú. Gbọ́lá àti ìyá rẹ̀ fa Oyèkúnlé jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó nà. Nígbà tí Alájì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, àwọn ọkùnrin méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Àrìnpé kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ jókòó," ni Alájì wí.

Afeezat fúnra rẹ̀ ló gbé omi wá. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó kí Oyèkúnlé, ó kí Gbọ́lá pàápàá, "Ẹ káàbọ̀, Dádì Rodiat." Ohùn rẹ̀ tutù. Àrìnpé ìbá fẹ́ kó bú òun.

"Àna mi," ni Alájì sọ fún Àrìnpé, "a dúpẹ́ tí ẹ wá. A ti gbọ́ yín láti òde ìlú. Ìrun ọ̀sán ni mò ń kí lọ́wọ́. Mo ṣi iye rákà tí mo ti kí kà, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo tún ṣì í kà."

"Háà! Ẹ má bínú, Alájì. Ẹ fi jì wá."

"Ti èmi kọ́. Ìrun ṣeé tún kí." Ó nawọ́ sí yàrá. "Ọmọ yín ni kí ẹ wọlé lọ wò."

Abẹ́ ibùsùn ni Àrìnpé ti bá a. Apá kan wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn, ó fi ọwọ́ kejì di etí kan, ó fi etí kejì ti ògiri.

"Rodiat! Olówó orí mi! Ìyá Àgbà dé o!" Àrìnpé dojú bolẹ̀, ó ń wọ́ lọ sábẹ́ ibùsùn títí ìdí rẹ̀ fi há. "Yéè! Wo ìdí Ìyá Àgbà! Ó ti há bí àpò ẹ̀gẹ́! Wá bá mi fà á!"

Nílé, Rodiat á ti rẹ́rìn-ín débi pé á máa yí nílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Iwájú ìró Àrìnpé ti tutù. Ilẹ̀ ló tutù. Ọmọ náà ti tọ̀ sára.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó wá gbé mi ni?"

"Ta ni, ọmọ mi?"

"Ọkọ̀ yẹn."

Nígbà tí Àrìnpé padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìró tútù, Oyèkúnlé ti dé ìdí òwe. "Ẹlẹ́bi tó bá mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi," ló ń wí, "kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Alájì, ọmọ wa ti mọ̀..."

"Kì í ṣe òun nìkan," ni Àrìnpé gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Lónìí yìí, lójú ọ̀nà. Àti lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé. Mo ní èéfín á pa ẹ́ńjìnnì. Èmi onímọ̀ ẹ̀rọ gbogbo Yewa!" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bó ti máa ń ṣe bó bá ti hùwà òmùgọ̀. Ó rí ojú Afeezat, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Màmá, n ò bá yín jà," ni Afeezat wí. "N ò ní kó ta ọkọ̀ rẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Kó gbé e lọ fún Alfred, kí Alfred yọ bọ́tìnnì yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, èmi àti Rodiat á gun ọkadà padà wálé."

Gbogbo wọn kọjú sí Gbọ́lá. Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Afeezat, mo ti ní mi ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́."

"Mo gbọ́ ìyẹn ní ọsibítù."

"Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ á kàn wá dà bíi ti gbogbo ayé." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, bó ti ń ṣe láti kékeré bí wọ́n bá fẹ́ nà án. "Màmá, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ́ńjìnnì. Ṣebí ẹ ní ó gbọ́dọ̀ máa ké?"

"N ò mọ nǹkan kan," ni Àrìnpé wí. "Yọ ọ́. Gbọ́lá, mo bẹ̀ ọ́, yọ ọ́."

Wọ́n dúró dè é. Afeezat dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí àwo omi tí ẹnikẹ́ni kò mu. Gbọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó ń nu eruku orí bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, Afeezat gbé omi náà, ó wọlé lọ.

"A ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín," ni Alájì wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kí apá ọmọ jinná ná."

Gbọ́lá ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀. Àrìnpé gbá a lọ́wọ́.

"O ò ní ṣáná sí nǹkan yìí nínú agbo ilé yìí. Tì í jáde."

"Màmá!"

"Mo ní kí o tì í! Ọmọ ń bẹ lábẹ́ ibùsùn!"

Oyèkúnlé, tó ti wa lọ́rì rí nígbà èwe rẹ̀, jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, ó fi sí nútírà. Gbọ́lá tì í pẹ̀lú ṣòkòtò léèsì rẹ̀, ìyá rẹ̀ tì í pẹ̀lú ìró tútù. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kadà ké sí wọn pé, "Sípọ́ọ̀tì! Ṣé epo ló tán ni?"

"Epo kún un!" ni Àrìnpé fèsì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Orí ló ṣófo!"

Wọ́n tì í títí ilé àwọn ènìyàn fi tán, tó ku oko ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Oyèkúnlé sọ̀kalẹ̀, ó ní ìdí òun ti rí tó, ó sì dá ọkadà kan dúró. Gbọ́lá nu òógùn, ó jókòó, ó ṣáná sí ọkọ̀. Bí wọ́n bá ti pa ọkọ̀ náà, bọ́tìnnì máa ń padà sípò. Ẹ́ńjìnnì rọra ń dún, kò pariwo rárá, ọwọ́ Àrìnpé sì wà lára ilẹ̀kùn. Ó rí i tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lọ síbi jíà, tó dúró síbẹ̀.

"Ẹ wọlé, Màmá," ni Gbọ́lá wí. "Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́. Kò kúkú sí ọmọ nínú ọkọ̀ mọ́."