Lẹ́tà Tí Naomi Fọwọ́ Sí

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Zulaihat ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé tí Naomi dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò sì sí olùkọ́ tí Naomi fọkàn tán tó o. Ọmọ tí ìwé kíkà rẹ̀ bá ti sú àwọn olùkọ́ yòókù, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Zulaihat, yóò mọ̀ ọ́n kà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ṣubú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Igbe wọn ni Naomi gbọ́ tó fi sáré wọlé. Ó yí Zulaihat sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi aṣọ tì í lórí, ó sì dúró tì í títí ara náà fi rọlẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣubú bẹ́ẹ̀. Wárápá ló ń ṣe Tìmílẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, títí tó fi kú. Nígbà tí gbogbo ará ilé bá sá, Naomi ló máa ń gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Ẹ má bínú, mà," ni Zulaihat wí nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Oògùn mi ló tán lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rò pé mo lè fara dà á di òpin oṣù ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Mo sọ ọ́ níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, mà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní kí n máa lọ."

Naomi ní kó lọ sinmi, kó má bẹ̀rù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá Olúwadárasími, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì kejì, àti òbí méjì mìíràn ti dúró dè é lẹ́nu ọ́fíìsì. "Mà, a ò bá yín jà," ni bàbá náà sọ. "Ṣùgbọ́n itọ́ wárápá máa ń ranni. Tí obìnrin yẹn bá ṣì wà níbí lọ́jọ́ Ajé, àwa á kó àwọn ọmọ wa lọ síbòmíràn ni o jàre."

Naomi mọ̀ pé kì í ranni. Àìmọye ìgbà ni itọ́ Tìmílẹ́yìn ti dà sí i lápá, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó ro ti ilé-ìwé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ládùúgbò kejì, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fọwọ́ sí lẹ́tà tó sọ pé nítorí àìlera Zulaihat, ilé-ìwé kò nílò iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Zulaihat kà á ní ìdúró, ó sì fi sínú báàgì. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn béèrè bóyá òun lè dágbére fún àwọn ọmọ. Naomi ní rárá, kó má bàa di ariwo.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé dé látọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń gbèjà àwọn aláàbọ̀ ara, pé àwọn yóò gbé ilé-ìwé náà lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ Zulaihat. Naomi gbé e lọ bá Julius, lọ́yà kan ní Ìyànà Ìpájà tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Julius ka lẹ́tà ìdádúró náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ síbí pé torí àìlera ni, mà. Òfin kò fàyè gba ìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, agbanisíṣẹ́ ò gbọdọ̀ lé e torí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ṣé ẹ bi í pé kí ló nílò? Ṣé ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Àwọn òbí ló fúngun mọ́ mi."

"Àwọn òbí kọ́ ló gbà á síṣẹ́. Adájọ́ ò ní bi yín léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Naomi lọ sí Ìkọ̀tún, níbi tí Zulaihat ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Ràbíátù. Ìyá náà ṣílẹ̀kùn, kò ní kó jókòó. Zulaihat wà lẹ́bàá fèrèsé, báńdéèjì ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìka.

"Nígbà tí iṣẹ́ lọ, oògùn náà lọ," ni Ràbíátù wí. "Ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ ló gbé e ṣánlẹ̀. Ọwọ́ ló bọ inú iná. Èmi ò sí nílé."

Naomi kúnlẹ̀. "Zulai, jọ̀ọ́, padà wá. Èmi fúnra mi ni màá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ranni. Àbúrò mi ní in."

Zulaihat gbójú sókè. "Ẹ mọ̀, mà?"

"Mo mọ̀."

"Látọjọ́ tí mo ṣubú yẹn?"

Naomi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni," ni Zulaihat sọ, ohùn rẹ̀ ò tiẹ̀ le. "Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ò dé kóòtù. Naomi gbà láti ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ náà béèrè, ó sì pe àwọn òbí jọ, ó sọ ti Tìmílẹ́yìn fún wọn. Àwọn mélòó kan kó ọmọ wọn lọ. Bàbá Olúwadárasími ò kó tiẹ̀ lọ. Nígbà tí ìpàdé parí, ó wá béèrè bóyá Àǹtí Zulai lè padà.

Zulaihat àti ìyá rẹ̀ ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Aládùúgbò wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Naomi. Ó gba nọ́ńbà tuntun Zulaihat lọ́wọ́ aládùúgbò náà, ó pè é lójoojúmọ́ fún bí oṣù kan. Fóònù náà ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.