Ojú Fíìmù Kan Tó Ṣẹ́kù

Kámẹ́rà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà. Èyí tó ń lo fíìmù ló dàgbà jù; ó ń wúkọ́. Kámẹ́rà dìjítà wà ní etí bẹ́ǹṣì, nítorí fóònù ti fi ìgbọ̀nwọ́ tì í débẹ̀. Ó ń ráhùn pé ìjókòó tí òun gbà lọ́wọ́ àgbà kò tíì móoru tí wọ́n fi ní kí òun dìde. Fóònù ní kó má bínú, ọjà ni. Bó bá ti sọ̀rọ̀, ògiri á sún mọ́ wa díẹ̀.

Ṣùwébátù, ìyá ìbejì àdúgbò wa, mú Táyé wọlé. Ó ní Kẹ́hìndé lọ sí ìrìn àjò, bí a ti ń sọ ọ́ bí ìbejì bá kú. Ó fẹ́ kí n ya Táyé lẹ́ẹ̀mejì, kí n so fọ́tò méjèèjì pọ̀ kó di ọmọ méjì, bí àwa oníṣẹ́ fọ́tò ti máa ń ṣe é.

Mo gbé àga méjì kalẹ̀. Kẹ́hìndé jáde láti inú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, ara rẹ̀ tutù, ó jókòó ti Táyé. Ìyá wọn tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n kúkú ya àwọn méjèèjì pọ̀.

Kámẹ́rà àgbà ní kí n tètè gbé òun, òun nìkan ló lè rí Kẹ́hìndé. Ojú fíìmù kan, tó tó fún fọ́tò ẹyọ kan péré, ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Èmi kì í fi nǹkan ṣòfò, ọmọdé kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Mo mú fóònù.

Mo yà wọ́n títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Àga òfìfo ló ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé.

Ìyá ìbejì kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá Fọ́tò, ta lẹ ń tọ́jú ojú fíìmù tó kù dè?"

Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọmọ náà. Kí n tó gbé kámẹ́rà àgbà, Kẹ́hìndé ti padà sínú yàrá òkùnkùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀ mo tẹ kámẹ́rà náà.

Mo ṣí yàrá òkùnkùn, n kò bá Kẹ́hìndé níbẹ̀; mo fọ fọ́tò yẹn lójú wọn. Táyé ló kọ́kọ́ yọ nínú omi. Ẹnì kejì wá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga Kẹ́hìndé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó bá tirẹ̀ mu. Èmi ni. Irùngbọ̀n mi ti funfun, ẹsẹ̀ mi kò sì kanlẹ̀, bíi ti ọmọdé.

Ìyá ìbejì wo fọ́tò náà. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Kẹ́hìndé, dìde. Ó tó ká máa lọ sílé."

Mo dìde lórí àga Kẹ́hìndé, n kò mọ ìgbà tí mo jókòó síbẹ̀. Táyé di ọwọ́ mi kejì mú. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ.