Mítà Mẹ́rin Tó Dín

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ níṣirò kí ojú tó tì mí lórí ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń sin ewúrẹ́, ó sì fẹ́ fi wáyà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èmi ni màá ṣírò iye tá a máa rà. Mo ya ilẹ̀ náà sórí ìwé gíráàfù, àpótí kan fún mítà kan. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí (0, 0), (36, 0), (24, 16) àti (0, 16). Mo ka àpótí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: 36, 16, 24, 16. Mo rò ó pọ̀, ó di 92.

Ẹni tó máa bá wa ra wáyà náà, tó sì máa fi yí ilẹ̀ ká, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí kì í kánjú. Ó wo ìwé mi.

“Tíṣà, ẹ̀gbẹ́ tó dà gẹ̀rẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé kí n fi okùn wọ̀n ọ́n?”

“Jẹ́jẹ́, ta ló kọ́ ta?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ra mítà méjìlélàádọ́rùn-ún.

Nígbà tí wáyà tán, àlàfo mítà mẹ́rin ṣẹ́ kù. Ewúrẹ́ méjì ti gbabẹ̀ jáde. Àwọn ará ilé tó wà nítòsí pé jọ, mo bá pariwo mọ́ Jẹ́jẹ́:

“Ibo lo gbé èyí tó kù sí? O ti gé wáyà ẹ̀gbọ́n mi jẹ!”

Ó kó ẹ̀mú rẹ̀ sápò, ó lọ.

Mo délé, mo tún mú ìwé náà jáde, kí n lè fi hàn pé olè ni. Ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Láti igun kejì sí ìkẹta, ìyàtọ̀ ìbú jẹ́ 12, ti òró jẹ́ 16. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 144 àti 256. Àpapọ̀ 400. Gbòǹgbò rẹ̀, 20, kì í ṣe 16: mítà mẹ́rin gan-an ló fi dín. Èmi tí mò ń kọ́ ọ lọ́dọọdún ti ka àpótí lórí ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó dúró ṣánṣán.

Láàárọ̀, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Háà, Tíṣà, ẹ dìde!”

“Èmi ni mo ṣì í.”

“Mo mọ̀ látàná.”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Ẹ ò jẹ́ kí n sọ.” Ó fà mí dìde. “Mo ti gba ẹ̀bẹ̀ yín, mà. Àmọ́ gbangba lẹ ti pè mí lólè.”

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró níbi àlàfo náà lójú ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo àwọn tó pé jọ lánàá. Mo ṣàlàyé àṣìṣe mi, mo bẹ Jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.