Ta Ló Wó Ògiri Àrínọlá?

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣàn yẹn. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú Àrínọlá rí ní Bẹ́kọ́ntírì, nílùú òyìnbó níbí.

Ṣọpẹ́, ọmọ Àrínọlá, bímọ. Oṣù méje lọmọ lò nínú, ọsibítù ló sì wà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ní òun á wá wo yàrá tí ọmọ máa sùn nílé Àrínọlá lọ́jọ́ Fúráìdé. Bí kò bá gbẹ, tí kò mọ́, ọmọ ò ní wálé. Ni Àrínọlá bá pe Túbọ̀sún tó ń kun ilé.

Ọjọ́ Túsìdé, Túbọ̀sún ń bó pépà ara ògiri. Ó fa ibì kan tó wú lẹ́bàá fèrèsé. Gbìì! Pílásítà tẹ̀ lé pépà, bíríkì yọ síta, eruku bo bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

Àrínọlá sáré gòkè, ó káwọ́ lérí. "Túbọ̀sún, o ti wólé mi!"

"Mọ́mì, pépà ni mo fà."

"Ṣé inú pépà ni bíríkì ń gbé?"

"Iṣẹ́ ọ̀dà lẹ gbé fún mi. Ihò ìṣó, ibi tó sán díẹ̀, màá dí ìyẹn. Pílásítà tó já, iṣẹ́ ẹlòmíì ni."

"Ìwọ lo fà á já, ìwọ lo máa tún un ṣe! Àbí bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín nìyẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tẹ́ ẹ ti ń wọ bàtà síwájú Ọlọ́run?"

"Ẹ fi bàtà mi sílẹ̀, Mọ́mì." Ó ki ọwọ́ bọ inú ihò náà. "Ó ti jẹrà tipẹ́. Ṣé páìpù gba ibí?"

"Rárá."

"Òjò ń jò?"

"Kò jò rí."

"Omi ibo wá nìyí?"

Àrínọlá yíjú sí igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Igun yẹn ló ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí Ṣọpẹ́ fi wá ọmọ, ara ògiri yẹn ló ń wọ́n omi àdúrà sí, tòun torin. Nígbà tí pépà wú, ó ní àmì pé àdúrà ti gbà ni.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bó bá dákẹ́, ọrùn Túbọ̀sún lẹ̀bi máa wà. Ṣùgbọ́n Túbọ̀sún ti ń kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú báàgì. Fúráìdé ń bọ̀. Àrínọlá jókòó sínú eruku, ó bú sẹ́kún.

"Túbọ̀sún, èmi ni. Omi àdúrà mi ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀.

"Ìgò kan lójúmọ́?"

"Nígbà míì, méjì."

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa Túbọ̀sún, ó gbé e mì. Ó jókòó tì í. "Èmi náà jẹ̀bi, Mọ́mì. Ó yẹ kí n fìka kan ògiri wò kí n tó fà á. Ibi tó bá ti ṣófo nínú, etí á gbọ́. Ǹ bá ti sọ fún yín, ẹ̀ bá tètè wá oníṣẹ́ ẹ̀. Mo kánjú ni. Ẹ dìde, ẹ bá mi gbé garawa."

Ó ha gbogbo ibi tó jẹrà kúrò, ó kan pátákó pílásítà mọ́ ọn, ó fi pílásítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Àrínọlá ń kó àfọ́kù sínú àpò, ó ń kọrin pẹ̀lú omijé lójú:

*Ògiri, dúró o, dúró,*
*Àlejò kékeré ń bọ̀,*
*Kò léyín, kò mọ̀ ọ́n rìn,*
*Dúró dè é o, dúró.*

"Orin nìkan o, Mọ́mì. Ẹ má fomi sí i."

Ọjọ́ Tọ́sìdé, ògiri ṣì dúdú, ó tutù. Ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni Àrínọlá ń fàtẹ́lẹwọ́ kàn án. "Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ àdúrà mi ló máa dí ọmọ mi lọ́nà."

Àárọ̀ Fúráìdé, ó ti gbẹ, ó funfun! Túbọ̀sún kùn ún kíákíá, ó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án, ó fọwọ́ kan ògiri, ó fimú gbóòórùn, ó ní kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yàrá títí di Mọ́ńdè, kí wọ́n wá gbọ́mọ.

Mọ́ńdè, Ṣọpẹ́ gbọ́mọ wálé. Àrínọlá se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá, ẹja kún un bámúbámú. Kí Túbọ̀sún tó jókòó, ó fìka kan ògiri pálọ̀: kò, kò.

"Fi ògiri mi sílẹ̀," ni Àrínọlá wí, "gba abọ́ ẹ."

Wọ́n jẹ, wọ́n lá ìka, wọ́n kọrin, oníkálukú gbé ikùn rẹ̀ tó yó bámú gba ilé lọ.