Omi Àwọn Ajá

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ "ìwòsàn" sí mi létí, màá bì. Ara mi le o, n ò ṣàìsàn. Méyọ̀ wa, ìyẹn olórí ìlú, Preston Haldane, ló lo ọ̀rọ̀ náà títí tó fi ń rùn. Ìwòsàn láàárọ̀, ìwòsàn lálẹ́, ìwòsàn lára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pín fáwọn èèyàn níbi ayẹyẹ. Ẹ bi í pé ta ló ń ṣàìsàn, kò ní lè dá yín lóhùn.

Verdell Oakes lorúkọ mi. Èmi ni mo jẹ́ olórí ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ìdọ́gba ní Calder Ferry. Orúkọ iṣẹ́ náà gùn, àga rẹ̀ rọ̀, wọ́n sì fi gíláàsì ṣe ilẹ̀kùn mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í pè mí kí wọ́n tó pinnu nǹkan. Ìgbà tí wọ́n bá se ọbẹ̀ tán, tí ọbẹ̀ ti kan, ni wọ́n máa ń ní, "Verdell, wá bá wa fi iyọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, Ọgbà Linden ló ti bẹ̀rẹ̀, lápá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí àwa aláwọ̀ dúdú ti ń gbé láti ayé àwọn bàbá wa. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ nígbà kan. Àwọn òyìnbó nìkan ló láǹfààní láti wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ tiwa a dúró lẹ́yìn wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí i ká, wọn a máa wo omi bí ẹni ń wo ẹran nínú ìkòkò onílé. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú kọjá àlà, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan, Odessa Pruitt, gun wáyà náà, ó bẹ́ sómi. Àwọn ọmọ yòókù sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìlú ṣe? Wọ́n fa omi náà gbẹ, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ wá, wọ́n dí adágún náà pa, wọ́n wá gbin koríko lé e lórí. Kàkà kí ọmọ wa bá ọmọ tiwọn lúwẹ̀ẹ́, wọ́n gbà kí gbogbo wọn kúkú máa làágùn.

Odessa yẹn ti di Màmá Odessa báyìí. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì wà lára àwọn ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu rẹ̀: "Kí wọ́n wú adágún yẹn jáde. Ó ṣì wà níbẹ̀." Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀, Tavion, wá kú sínú kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sá lọ lúwẹ̀ẹ́ nígbà ooru, kò tún sọ nǹkan mìíràn mọ́. Bó bá rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í kí mi. "Verdell, adágún ńkọ́? Ṣé ó dìgbà tí omi bá tún gbé ẹlòmíì lọ ni?" Ìkíni rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé alájà gíga-gíga yí Ọgbà Linden ká. Àwọn tó kó wá síbẹ̀ lówó lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ajá ju ọmọ èèyàn lọ. N ò purọ́ mọ́ wọn o. Mo ti fojú mi rí ajá tó wọ bàtà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méyọ̀ wá ní àkókò tó kí ìlú tọrọ àforíjì nítorí adágún àtijọ́ náà, kí ọgbẹ́ àná lè rí ìwòsàn, kí àdúgbò sì yan ohun tí wọ́n fẹ́ kí ìlú fi ilẹ̀ náà ṣe.

Nítorí náà a pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ìpàdé tiwa kì í ní ariwo nínú. A ó gbé pátákó kọ́ ara ògiri, a ó fún olúkúlùkù ní sítíkà róbótó-róbótó, kí ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohun tó bá wù ú, lẹ́yìn náà a ó fún un ní bisikíìtì. Pátákó kan wà fún àwo idẹ ìrántí tí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ sí lára, òmíràn wà fún bẹ́ǹṣì, òmíràn sì wà fún ibi ìṣeré àwọn ajá. Màmá Odessa wo gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Pátákó adágún dà?"

Brynn Castellaw, ọmọbìnrin tó ń bá Méyọ̀ ṣètò gbogbo nǹkan, rẹ́rìn-ín. "Màmá, adágún ò sí lára ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò. Ó wọ́n jù."

"Ṣé iye rẹ̀ ni mo bi ọ́? Mo ní pátákó rẹ̀ dà?"

"Ẹ lè lẹ tiyín mọ́ bẹ́ǹṣì, Màmá. Ẹ ó lè rí ibi jókòó sí."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni? Kí n máa ka koríko?"

Ló bá yí padà, ó kó gbogbo sítíkà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ògiri gan-an, níbi tí kò sí nǹkan kan. "Pátákó tèmi nìyí," ló wí. Àwọn ará ìlà-oòrùn tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ògiri náà fi dà bí ara ọmọ tí èéyi yọ sí. Inú mi dùn débi pé mo jẹ bisikíìtì méjì.

Lọ́jọ́ kejì Brynn mú èsì wá: ibi ìṣeré àwọn ajá ló wọlé. Mo ní àwọn sítíkà ara ògiri ńkọ́? Ó ní wọn ò kà wọ́n, torí wọn ò sí lórí pátákó. Ó sọ ọ́ lójú mi kòrókòró, ojú ò tì í. Ó ní wọ́n ti ṣí gbogbo wọn kúrò, wọ́n sì ti tún ibẹ̀ kùn.

Mo gba ọ̀dọ̀ Méyọ̀ lọ. Ọmọ tí mo lè bí ni, ṣùgbọ́n orúkọ mi gan-an ló ń pè.

"Verdell! Ó ti yanjú! Àwo idẹ á wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ajá á wà nínú. Àná àti òní á bára wọn gbé."

Mo ní, "Ibi tí wọ́n ti lé àwọn ọmọ wa lẹ fẹ́ kí ajá máa ṣu sí?"

"Má sọ ọ́ báyẹn. A tiẹ̀ ti fi omi kún ètò náà, adágún kékeré kan, kò ju orúnkún lọ. Oòrùn ibẹ̀ mú jù."

"Omi fún ta ni?"

"Fún àwọn ajá."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló dì. Ìlú tó ní òun ò lówó omi fún ọmọ, ó rówó omi fún ajá! Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun sọ ohun tó burú. Ó ní kí n mú Màmá Odessa wá sórí pèpéle lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí ibẹ̀, kí ó wá gba àforíjì níwájú tẹlifíṣọ̀n, torí láìsí Màmá, ayẹyẹ ò pé. Bí ó bá wá, ó ní, lọ́dún tó ń bọ̀ ìlú lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí adágún. Ìwádìí! Ìwádìí ìlú yìí, ọmọ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀ á ti dàgbà, á ti bímọ, kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Mo lọ bá Màmá nílé. Ẹ̀wà tútù ló ń bó níwájú ilé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi omi ajá pa mọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ. "Wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ọ̀ṣọ́ lásán ni."

Kò gbójú sókè. "Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, Verdell. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣé wọ́n á ti da omi sí i lọ́jọ́ náà?"

"Wọ́n á ti dà á, Màmá."

"Sọ fún wọn pé mò ń bọ̀."

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, oòrùn ń jó wa lórí bí iná. Wọ́n kó àwọn ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ funfun gbọọrọ, wọ́n tò wọ́n síwájú àwo idẹ. Lẹ́yìn wọn ni omi náà wà, ó mọ́, wọ́n fi táìlì aláwọ̀ aró tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Àwọn ajá ti wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gbọnra sí gbogbo èèyàn lára. Irun ajá ń léfòó, òórùn ajá tútù gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn ọmọ tó ń làágùn ni wọ́n ń kọrin fún àwọn ajá tó ń tutù. Méyọ̀ sọ̀rọ̀ títí, ó dé ibi tí wọ́n kọ ẹkún sí fún un, ó sunkún. Mo wo ojú rẹ̀, ó rí mi lára bí ìgbà tí èèyàn tẹ ìgbẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Ó wá na ọwọ́ sí Màmá Odessa. "Màmá, ṣé ẹ gba àforíjì ìlú yìí?"

Màmá dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ fún mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó kọjá lára ọwọ́ Méyọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì wọ inú omi náà pẹ̀lú aṣọ tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti fìlà rẹ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn ajá. Omi mù ún dé ìbàdí. Ó di ojú rẹ̀.

Ọlọ́pàá kan, ọ̀dọ́ ni, sáré wá sétí omi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èèyàn ò gbọdọ̀ wọ ibí yìí." Ó nawọ́ sí àkọlé tó wà níbẹ̀. AJÁ NÌKAN, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Màmá la ojú. "Ọmọ mi, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ yẹn, èèyàn ni wọ́n ní ó ni omi, kì í ṣe ajá."

Brynn fà mí láṣọ. "Yọ ọ́ jáde, Verdell. Tẹlifíṣọ̀n ń wò wá. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

"Tìẹ nìyẹn," ni mo wí. "Iṣẹ́ tèmi ni kí wọ́n má yọ ọ́."

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ọmọ akọrin kan fi bẹ́ sómi, aṣọ funfun àti gbogbo rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó pẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti wà nínú omi, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń da omi síra wọn, Màmá ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí Tavion ti kú.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn làwọn ọmọ ìlà-oòrùn fi ń wá. Kò sí èyí tó lọ sí kòtò òkúta. Ẹ wá gbọ́ o: àwọn alájá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìlú pé àwọn ọmọ ń ba omi jẹ́ mọ́ ajá àwọn lọ́wọ́. Ẹnìkan ní awọ ajá òun ò gba ẹ̀gbin. Ẹ̀gbin! Ọmọ èèyàn! Mo kà á, mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa omi náà gbẹ. Ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ dé. Brynn yọ wọ ọ́fíìsì mi. "Nítorí ìlera ni. Iyanrìn la máa kó sí i, káwọn ajá máa rí ibi gbẹ́. A nílò àkọlé kékeré kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tí kò ní dun ẹnikẹ́ni. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Mo kọ ọ́. Mo fi orúkọ àti ipò mi sábẹ́ rẹ̀, mo rán àwọn tó ń ṣe àkọlé ìlú níṣẹ́, wọ́n sì lọ rì í mọ́lẹ̀ láìbi mí léèrè, torí ọ́fíìsì mi ni iṣẹ́ náà ti wá. Ohun tí mo kọ nìyí: "Nígbà tí Odessa Pruitt wà lọ́mọdé, ó wọ omi tó wà níbí, ìlú sì dí i pa. Ó tún wọ̀ ọ́ lọ́dún yìí, ìlú sì tún dí i pa."

Kí oúnjẹ ọ̀sán tó tó jẹ, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ mi. Mo gba Ọgbà Linden kọjá. Èèyàn pọ̀ níwájú àkọlé náà, wọ́n ń kà á sókè fún ara wọn, àwọn alájá mìíràn sì tẹ orí ba. Màmá Odessa jókòó sórí àga tí ó gbé wá láti ilé.

"Wọn ò ní pẹ́ wá wú u," ni mo sọ fún un.

"Kí wọ́n wú u. Ìyẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ wú, tí wọ́n á sì wá rántí adágún tó wà lábẹ́ rẹ̀." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ti ń rùn lára rẹ."